Ìfura Yàtọ̀ sí Ẹ̀rí: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Tí Ń Wá Èérún Ike Nínú Omi

Ìbéèrè kan la fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí. Bí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, ṣé ó ti tó fún un láti jẹ́rìí sí i? Púpọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn kíákíá pé ó tó. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n àfojúbà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹni tí kò bá sì mọ ibẹ̀ lè fi òótọ́ inú jẹ́rìí èké.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì pẹ́ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí owó ìrẹsì ti gun òkè àjà tí ọdún sì ń parí lọ, àwọn aṣọ́bodè gba àpò ìrẹsì 102 ní Èkó, wọ́n sì kéde pé ìrẹsì oníke ni. Wọ́n ti sè é wò, wọ́n rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ra jù. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ títí dé òkè òkun. Nígbà tí àjọ NAFDAC kó ìrẹsì náà wọ ilé àyẹ̀wò, wọ́n dà á sínú omi bóyá yóò léfòó, wọ́n sè é, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀ àti ọ̀rinrin ara rẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ni pé ìrẹsì ni, kì í ṣe ike. Ṣùgbọ́n wọ́n bá kòkòrò àìfojúrí nínú rẹ̀ tó pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, nítorí náà kò yẹ fún jíjẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó ní ike ni, kò bá a bó ṣe rí. Ẹni tó bá sì sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ike, kò sí ohun tó ṣe é, òun náà kò bá a bó ṣe rí. Àwọn tó sè é kò purọ́ pé ó lẹ̀. Lílẹ̀ ni ojú wọn rí. Ike ni ọkàn wọn fi kún un. Àárín ohun tí ojú rí àti ohun tí ọkàn fi kún un ni ọ̀rọ̀ wa òní wà.

Kí ni èérún ike?

Bí a bá ń wá ẹni tó mọ bó ti ṣòro tó láti nawọ́ sí nǹkan kí a sì sọ pé "ike nìyí", ẹ jẹ́ kí a lọ bá àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwá èérún ike nínú omi, nínú iyanrìn àti nínú oúnjẹ. Èérún ike ni gbogbo ẹyọ ike tí kò tó mìlímítà 5. Ibi tí wọ́n ti ń wá pọ̀: ọ̀rá omi tí a jù sí gọ́tà tí oòrùn pa títí tó fi ń rún, táyà ọkọ̀ tó ń jẹ sí ojú títì, àwọ̀n àwọn apẹja, aṣọ polyester tí a ń fọ̀ tí fọ́nrán rẹ̀ ń bá omi ọṣẹ lọ. Ike kì í jẹrà bí ewé mọ́ínmọ́ín. Ńṣe ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wẹ́wẹ́ náà tún ń fọ́, títí ojú kò fi ní í rí i mọ́.

Ìwádìí tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́ ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Thompson ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Wọ́n kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ etí òkun, wọ́n ṣa àwọn ẹyọ àti fọ́nrán tí ìrísí wọn kò jọ ti iyanrìn tàbí ti ohun ẹlẹ́mìí sọ́tọ̀. Àwọn tó ṣa wọ́n kì í ṣe ọmọdé, iṣẹ́ wọn ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ infrared yẹ àwọn ẹyọ náà wò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló jẹ́ ike. Nínú àwọn yòókù, ohun tí kò ti ọwọ́ ènìyàn wá rárá wà níbẹ̀. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bí ojú ọ̀mọ̀wé bá lè ṣe irú àṣìmọ̀ báyìí, kí ni ká sọ nípa ojú tiwa?

Bí wọ́n ṣe ń wá a

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé wọn wọ ilé àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá bu omi odò tàbí iyanrìn dé, ohun àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti bù ú, ọjọ́ tí wọ́n bù ú, ohun tí wọ́n fi bù ú, àti ọwọ́ tó ti kọjá. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn onímọ̀ hadíìsì ayé àtijọ́ kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìbéèrè pé ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ta, irú ènìyàn wo sì ni onítọ̀hún.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò mú ìdọ̀tí kúrò. Ewé, eèhọ̀n omi, ẹran ara ẹja àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ń bo ike mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń da hydrogen peroxide sí i kí ó jẹ ewé àti eèhọ̀n náà tán. Bí ó bá jẹ́ ẹran ẹja, wọ́n sábà máa ń lo potassium hydroxide. Wọn kì í kàn lo oògùn tó bá le jù, nítorí ásíìdì líle lè jẹ irú ike mìíràn bíi nylon mọ́ ìdọ̀tí. Ìbínú sí ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú kí ike léfòó. Àwọn ìyá wa tí ń pa ẹ̀kùrọ́ mọ ọgbọ́n yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n a po amọ̀ mọ́ omi kí omi náà lè wúwo, wọ́n a da ẹ̀kùrọ́ àti èèpo rẹ̀ sí i: ọmọ ẹ̀kùrọ́ á léfòó, èèpo á rì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe nínú ilé àyẹ̀wò, iyọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò amọ̀. Omi tó mu iyọ̀ yó máa ń wúwo tó gíráàmù 1.2 nínú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lóròó, níbùú àti níjìn. Iyanrìn wúwo jù ú lọ fíìfíì, yóò rì. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti ìdérí ìgò fúyẹ́ jù ú, yóò léfòó. Ṣùgbọ́n ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PET, tó gíráàmù 1.38. Omi iyọ̀ kò lè gbé e, àfi kí wọ́n lo ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀, bíi zinc chloride. Nítorí náà, ẹni tó bá lo omi iyọ̀ nìkan, tó wá kéde pé kò sí PET nínú iyanrìn yìí, ó ti sọ ohun tí kò mọ̀. Ohun tó lè sọ kò ju pé, "Èyí tí omi iyọ̀ lè gbé sókè nìyí."

Ohun tó bá léfòó, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò wá fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wò ó. Níbí yìí ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan ènìyàn jẹ. Fọ́nrán òwú tí wọ́n pa láró jọ fọ́nrán polyester. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án: ike á yọ́ tàbí kó ká kò, òwú kò ní í yọ́. Àwọn mìíràn máa ń ta oògùn aláwọ̀ kan sí i tí wọ́n ń pè ní Nile Red, tí ike yóò fi máa tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀rá ara ẹ̀dá náà máa ń gba oògùn yìí, òun náà á sì máa tàn.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í dúró síbẹ̀. Wọ́n máa ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared sí ẹyọ náà. Irú nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń gbà á mọ́ra àti ibi tó ń jẹ́ kó kọjá, àwòrán tí èyí ń yà sì dà bí ilà ojú tí àwọn bàbá wa fi ń mọ ọmọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ Oǹdó. Wọn yóò gbé ilà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà àwọn ike tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn yóò sì wò ó bí wọ́n ṣe bára mu tó. Ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ dé orí ẹyọ tí kò ju máíkírómítà 10 sí 20 lọ, máíkírómítà 1,000 ló sì wà nínú mìlímítà kan. Fún èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lo ọ̀nà tó ń jẹ́ Raman, orúkọ onímọ̀ ará Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1930; èyí lè dé nǹkan bíi máíkírómítà 1.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n fi iná jó o láìsí atẹ́gùn, kí wọ́n wá ka àwọn èéfín tó bá jáde lára rẹ̀. Ọ̀nà yìí ń sọ ìwọ̀n ike tó wà níbẹ̀, kò lè sọ iye ẹyọ rẹ̀. Ó tún ní ọ̀fìn kan. Èdè Yorùbá ń pe ọ̀rá ara ẹran ní ọ̀rá, ó sì ń pe ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù ní ọ̀rá. Iná náà fẹ́ẹ̀ máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ohun tí ọ̀rá ara máa ń fọ́ sí jọ àwọn ohun tí polyethylene máa ń fọ́ sí. Ní ọdún 2025, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde pé àwọn bá èérún ike nínú ọpọlọ àwọn òkú. Ọ̀rọ̀ náà ba ènìyàn lẹ́rù. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì dìde pé ọpọlọ kún fún ọ̀rá ara, ṣé ó dá wọn lójú pé gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kà sí ike ni ike? Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ pé kò sí ike níbẹ̀. Wọ́n béèrè pé mélòó nínú rẹ̀ ni a lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àyẹ̀wò òfìfo

Ọ̀rọ̀ tí a tìtorí rẹ̀ mú ìwé àti gègé gan-an la dé yìí. Aṣọ tí onímọ̀ wọ̀ ń gbọn fọ́nrán. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ń gbé fọ́nrán. Abọ́ tó ń lò, ìdérí ìgò oògùn rẹ̀, ike ni púpọ̀ nínú wọn. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ike tó rí nínú omi odò kì í ṣe èyí tó já bọ́ láti apá ẹ̀wù òun fúnra rẹ̀?

Ohun tó máa ń ṣe nìyí. Yóò wọ aṣọ òwú, yóò lo abọ́ dígí àti irin, yóò sì bo gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn náà yóò mú omi tó ti sẹ́ dáadáa, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, yóò sì ṣe gbogbo ohun tó ṣe fún omi odò fún òun náà: oògùn kan náà, iyọ̀ kan náà, asẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Òun ni à ń pè ní àyẹ̀wò òfìfo. Ohunkóhun tó bá bá nínú òfìfo náà, ọ̀dọ̀ òun alára ló ti wá. Ká ní ó bá ẹyọ 12 nínú omi odò, tó sì bá 3 nínú òfìfo, èyí tó lè dúró lé lórí kò ju 9 lọ. Bó bá sì jẹ́ 12 nínú odò àti 11 nínú òfìfo, kí ó yáa panu mọ́, nítorí ara rẹ̀ ló ń kà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣejù ni èyí, kó gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì kọ jáde ní ọdún 2020. Wọ́n rí i pé ìbọ̀wọ́ tí àwọn ará ilé àyẹ̀wò ń wọ̀ kí iṣẹ́ wọn lè mọ́ ní ohun kan lára tó dà bí ọṣẹ, wọ́n ń pè é ní stearate. Ó máa ń ràn mọ́ ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, ilà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ sì jọ ti polyethylene tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè pè é ní ike. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí wọ́n wọ̀ nítorí ìmọ́tótó ló di ẹlẹ́rìí èké! Kì í ṣe aláìṣòótọ́ nìkan ló nílò àyẹ̀wò òfìfo. Olóòótọ́ náà nílò rẹ̀, bóyá ju aláìṣòótọ́ lọ, nítorí pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú mímọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó wo ọwọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ oyin

A lè rò pé àṣìṣe inú ilé àyẹ̀wò kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ wo ọ̀rọ̀ oyin. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú oyin 19 tí àwọn yẹ̀ wò, àwọn bá fọ́nrán àti èérún tí kì í ṣe ti ẹ̀dá. Ojú abẹ́ awò àti aró ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: èyí tí kò bá gba aró, wọ́n kà á kún ohun tí ènìyàn ṣe. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yẹ oyin wò pẹ̀lú àyẹ̀wò òfìfo àti ọ̀nà tó ń fi irú nǹkan hàn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé èérún ike ti ba oyin jẹ́.

Ọdún mẹ́rin ló wà láàárín èkínní àti èkejì. Ẹ fi ojú inú wo olóyin kan tí a bá ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí lọ́rùn ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, tó jẹ́ pé oyin ló fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò dá owó ọdún mẹ́rin padà fún un? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé tó tún ọ̀rọ̀ ṣe kì í rìn jìnnà tó ìwé tó kọ́kọ́ dẹ́rù bani.

"A kò rí i" kì í ṣe "kò sí"

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí à ń sọ ni pé èérún ike jẹ́ àròsọ. Ó wà, ó sì pọ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York ní Fredonia tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ìgò omi 259 láti orílẹ̀-èdè 9. Wọ́n bá àpẹẹrẹ èérún ike nínú 93 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ohun tó wù wá nínú iṣẹ́ náà ni bí wọ́n ṣe ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ẹyọ tó ju máíkírómítà 100 lọ ni ìmọ́lẹ̀ infrared lè dá mọ̀. Wọ́n yọ ti òfìfo kúrò, wọ́n ní ó jẹ́ 10.4 nínú lítà kan ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó kéré sí i, oògùn títàn nìkan ló fi wọ́n hàn. Wọ́n ní ó tó 325 nínú lítà kan. Wọn kò da èyí tó dá wọn lójú pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n rò.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Columbia lo irú Raman tuntun kan tó lè rí ohun tó kéré gan-an. Wọ́n ka nǹkan bí 240,000 ẹyọ ike nínú lítà omi inú ìgò kan ní ìpíndọ́gba. Ṣé omi ló yí padà ni? Rárá, awò ló yí padà. Ẹni tó bá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan tó kù ju èyí tí òun kà lọ yóò ti purọ́. Àwọn onímọ̀ Columbia náà kò sì jẹ́ kí iye ńlá yìí gùn wọ́n. Wọ́n jẹ́wọ́ pé nínú gbogbo ẹyọ tín-tìn-tín tí awọ́n rí, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn lè dárúkọ pé ike báyìí ni. Èyí tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò fún un lórúkọ.

Ṣé ká wá máa dúró títí ẹ̀rí yóò fi pé?

Ọlọ́gbọ́n kan lè bi wá pé, "Bí a bá ń dúró de ẹ̀rí, tí nǹkan náà sì ń pani lára, ǹjẹ́ a kò ti pa ara wa?" Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé jáde lórí èérún ike nínú omi mímu. Wọ́n ní nínú ìwọ̀nba ohun tí àwọn rí, kò tíì hàn pé ó ń ṣe ìlera ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ kò tó, kí a túbọ̀ wádìí, kí a sì dín ìdọ̀tí ike kù. Ẹ ṣé ẹ gbọ́ apá kejì yẹn? Wọn kò dúró de ẹ̀rí kí wọ́n tó ní ká dín in kù.

Èrò tiwa ni pé ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. Ìfura loògùn àgbà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí arábìnrin kan bá fura pé kò dára kí òun máa se mọ́ínmọ́ín nínú ọ̀rá, tó padà sí ewé eéran, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́jọ́. Bí ìfura rẹ̀ bá tọ̀nà, ó jèrè. Bí kò bá tọ̀nà, ewé tó rà nìkan ló ná. Ara rẹ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bó bá dé ọjà, tó ń ké pé omi tí ìyá báyìí ń tà ti ba ikùn ọmọ ènìyàn jẹ́, orí ẹlòmíràn ló gbé ẹrù ìfura tirẹ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti máa wó lu ẹlòmíràn tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Ìfura kékeré tó láti pa ìwà ara ẹni dà. Kò tó láti ba orúkọ ẹnìkan jẹ́.

Òfin yìí kò dáàbò bo àwọn alágbára. Àwọn tí ń ṣe ike tà, tí wọ́n bá gbọ́ pé onímọ̀ kan sọ pé "kò tíì dá wa lójú", kò yẹ kí wọ́n fi ìwà olóòótọ́ rẹ̀ ṣe asà. Ẹni tí èrè rẹ̀ wà nínú nǹkan ló yẹ kó san owó àyẹ̀wò rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kí wọ́n yẹ omi wò, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò sí nǹkan nínú omi. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, yálà ti olùpariwo ló gbọ́ tàbí ti olówó.

Òfìfo ọkàn wa

Kí ni èyí kan àwa tí a kò ní ilé àyẹ̀wò? Ojoojúmọ́ ni à ń jẹ́rìí. A gbọ́ pé akápò ẹgbẹ́ kó owó jẹ, a rí arákùnrin kan pẹ̀lú arábìnrin kan ní ibùdókọ̀, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, a sì tari rẹ̀ sí ogún ènìyàn kí a tó mu omi. Lílẹ̀ ni ojú rí, a ti pè é ní ike.

Ọkàn náà ń gbọn fọ́nrán bí ẹ̀wù: ìlara, ìjà àná, ohun tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ nípa ìdílé onítọ̀hún, àní ìtara fún ohun rere pàápàá, tó jẹ́ ìbọ̀wọ́ tiwa. Àyẹ̀wò òfìfo kan wà tí kò ná ni lówó. Ẹ mú orúkọ ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn kúrò, ẹ fi orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù sí i, kí ẹ wá ka ẹ̀rí kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ pé fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn ẹ ó ní "ẹ̀rí yìí kò tó", ohun tó kù lórí asẹ́ yín ti ẹ̀wù yín wá. Bí ẹ̀rí náà bá sì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Ẹni tó yọ 3 kúrò nínú 12 kò gbọdọ̀ fi 9 tó kù pamọ́.

Nígbà tí a bá sì ń sọ ọ́, ká sọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. "Mo rí i" ní àyè tirẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi" ní àyè tirẹ̀. "Mo fura" ní àyè tirẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Kí ènìyàn gbé ọ̀kan sí àyè èkejì ni ìtìjú. Olóye tó ní awò olówó ńlá níwájú kò tijú láti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò mọ ohun tí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́. Àwa tí a kò ní ju ojú méjì lọ, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ gbogbo fi ń dá wa lójú tó báyìí?

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ara àwọn ẹlẹ́rìí òdodo. Àmín.